Aṣọ, Ọjà àti Ìjọ: Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Kristẹni àti Àṣà Òde-Òní ní Agbègbè Aswani

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìhà tí ìjọ Kristẹni kọ sí aṣọ wíwọ̀ láàrin àwọn Yorùbá, láti ìgbà tí ẹ̀sìn náà ti dé ọ̀dọ̀ wa títí di òní. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí orin ìjọ, lórí ìlù, lórí orúkọ ìsàmì àti lórí ìgbéyàwó olóbìnrin púpọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kà sí ibi tí ìjọ àti àṣà ti forí gbárí. Aṣọ kò rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ gbà, bóyá nítorí pé ó súnmọ́ wa jù ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí kò lè kọrin lè dákẹ́, ẹni tí kò lè jó lè jókòó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wá sí ilé Ọlọ́run láìwọ aṣọ. Gbogbo olùjọ́sìn ni ọ̀ràn yìí kàn ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, àti olówó àti tálákà, ó sì kan tálákà ju olówó lọ. Èyí tí a wí gbẹ̀yìn yìí ni ó mú wa kọ bébà yìí.

Agbègbè Aswani, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fi ṣe ojú-ìlẹ̀ iṣẹ́ wa. A kò wí pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Múṣin tàbí ní Ìbàdàn. Ìdí tí a fi yàn án ni pé aṣọ ni ó sọ ibẹ̀ lórúkọ, aṣọ ni a ń tà níbẹ̀, àwọn ìjọ sì pọ̀ níbẹ̀ bí omi.

Ibi tí à ń pè ní Aswani

Aswani kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Orúkọ ìdílé ará Íńdíà ni, a sì fi pe ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan tí ó wà lẹ́bàá òpópónà tí ó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni ó di orúkọ ibùdókọ̀ àti orúkọ ọjà. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Afprint wà ní òpópónà kan náà. Àwọn mìíràn wà ní Ìkẹjà àti ní Ìkòròdú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Iná ọba kò dúró, epo dúdú tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ wọn wọ́n, owó náírà sì já wálẹ̀ láti ìgbà ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986. Aṣọ láti Ṣáínà ń gba ẹnubodè wọlé, àwòrán tí àwọn ará ilé wa yà ni wọ́n sì ń tẹ̀ sí i lára. Nígbà tí àdéhùn àgbáyé tí ó fi òté lé òwò aṣọ parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wa ti tilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n máa mí díẹ̀díẹ̀.

Ọjà kò kú ní tirẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ń ná an, aṣọ òkìrìkà ni ó sì gbé e lókìkí: aṣọ, bàtà àti àpò tí àwọn ará òkè òkun ti lò. Àwọn ará Èkó mìíràn a máa pè é ní bọ́síkọ́nà. Ibi tí a ti ń hun aṣọ tuntun nígbà kan ni a ti wá ń ta aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀. Ìdì aṣọ ni ọlọ́jà ń rà, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi tú u. Àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn tí ń rà láti tún tà máa ń dé, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdì, tí èyí tí ó dára jù sì wà lókè. Ẹni tí ó bá dé lọ́sàn-án yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì ṣà nínú èyí tí ó kù.

Àwọn ìjọ náà wà nítòsí. Ẹni tí ó bá mọ Ìsọlọ̀, Ìlúpéjú àti Orégùn mọ̀ pé ilé ẹ̀rọ àti ilé ìkẹ́rùsí púpọ̀ ni ó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé wọ́n gbòòrò, òrùlé wọn ga, kò sì sí òpó púpọ̀ láàrin wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà ni ìjọ Redeemed Christian Church of God, tí gbogbo ayé ń pè ní Rìdíìmù, ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò kúrò ní ọjà pẹ̀lú ọ̀rá aṣọ lọ́wọ́, tí yóò sì gba ibẹ̀ lọ sí ìpàdé.

Bíbélì wọ aṣọ wa

Ẹ jẹ́ kí a ti inú èdè wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé inú èdè ni ìjọ ti kọ́kọ́ bá àṣà Yorùbá pàdé. Ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1850. Odidi Bíbélì sì jáde ní 1884. Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ kò lè ṣí ojú-ìwé púpọ̀ láìpàdé aṣọ: aṣọ àlùfáà, aṣọ ọba, aṣọ ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà ìbànújẹ́, àwọn Hébérù a máa fi aṣọ líle kan tí a fi irun ewúrẹ́ hun bo ara. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí a fi hun ún kọ́ ni àwọn olùtumọ̀ tẹ̀lé. Iṣẹ́ tí aṣọ náà ń ṣe ni wọ́n tẹ̀lé, wọ́n sì pè é ní aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Módékáì nínú ìwé Ẹ́sítà ní Yorùbá kò ní í rí irun ewúrẹ́ rárá. Ẹni tí ó wọ irú aṣọ tí opó ilé rẹ̀ wọ̀ ni yóò rí. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Lójú tiwa, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìjọ ti bá àṣà wa lò pẹ̀lú ọgbọ́n jùlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pariwo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni aṣọ ìyàwó nínú Mátíù orí kejìlélógún. Ní ayé àwọn olùtumọ̀, "ìyàwó" nínú irú gbólóhùn yìí túmọ̀ sí ayẹyẹ ìgbéyàwó, kì í ṣe obìnrin tí a gbé níyàwó. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ náà ti ń parẹ́. Ọ̀dọ́ òde-òní tí ó bá gbọ́ pé a ti ọkùnrin kan síta nítorí pé kò wọ aṣọ ìyàwó yóò rẹ́rìn-ín kí ó tó bẹ̀rù. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé òwe Jésù yìí gan-an ni àwọn tí ń fi dandan lé aṣọ ẹgbẹ́ nínú ìjọ fẹ́ràn láti tọ́ka sí, a ó sì padà dé orí rẹ̀.

Ní ti orí bíbò, àṣà wa ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ kí Pọ́ọ̀lù tó dé. Nínú 1 Kọ́ríńtì 11, obìnrin ní láti bo orí nínú àdúrà, ọkùnrin kò sì gbọ́dọ̀ bo tirẹ̀. Abilékọ Yorùbá kì í jáde lọ sí ibi ẹ̀yẹ láìwé gèlè. Ọkùnrin Yorùbá, bí ó bá dé iwájú ọba tàbí àgbà tí ó bọ̀wọ̀ fún, ṣíṣí ni yóò ṣí fìlà. Àwọn oníwàásù kò ní láti kó ìbòjú wọlé láti ìlú òyìnbó. Gèlè tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, fìlà tí ó wà nílẹ̀ náà sì ni wọ́n ní kí a ṣí. Nítorí náà, àṣẹ tí ó di àríyànjiyàn gbígbóná ní ilẹ̀ Yúróòpù kò dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà tí àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi irun nìkan jáde ni ọ̀rọ̀ náà tó di ìjà.

Láti orí kóòtù dé orí sùtánà

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ti kọ ọ́. Àwọn Sàró tí wọ́n darí wálé láti Sierra Leone mú kóòtù, àkẹtẹ̀ àti gáùnù bọ̀. Àwọn ará ilé rí wọn gẹ́gẹ́ bí òyìnbó dúdú. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843. Láàrin ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ òyìnbó ti di àmì pé ènìyàn ti gba ìgbàgbọ́, tàbí ó kéré tán, pé ó ti lọ sí ilé-ìwé.

Àwọn tí wọ́n kọ̀ ọ́ wá láti inú ìjọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1888 ni a dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. David Brown Vincent, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1894, ó sì di Mójọlá Àgbébí. Aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀. Nínú ìwàásù tí ó ṣe ní 1902 nígbà tí African Church pé ọdún kan, ó ta ko àṣà òyìnbó tí a so mọ́ ẹ̀sìn Kristi. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ níyì púpọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rántí pé ọ̀mọ̀wé tí ó ní kóòtù ni ó lè bọ́ kóòtù sílẹ̀. Alágbàṣe tí ó ní kíjìpá kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò bọ́. Ìjà agbádá àti kóòtù jẹ́ ìjà àwọn tí wọ́n ní méjèèjì nínú àpótí.

Ọwọ́ àwọn Aládùúrà ni ọ̀rọ̀ ti kan tálákà. Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ni a mọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó ní ọdún 1925. Samuel Biléhóu Oshoffa bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947. Aṣọ funfun ni àwọn méjèèjì fi wọ àwọn ọmọ ìjọ wọn. Sùtánà ni a ń pè é, ọ̀rọ̀ tí ó bá ti èdè Faransé mu. Ní ìjọ Mímọ́, bàtà pàápàá kò bá sùtánà rìn.

Ẹ wo ohun tí aṣọ yìí ṣe. Owú ni, kò wọ́n. Aránṣọ àdúgbò lè rán an. Bí alájàpá àti akọ̀wé ìjọba bá wọ̀ ọ́, tí àwọn méjèèjì sì bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí ó bá ti ẹ̀yìn wò wọ́n kò lè sọ èwo ni ó lówó. Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìjọ Aládùúrà mú ìrínisí kan náà bá gbogbo ènìyàn, kí ìsọnilọ́jọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan. Àwọn kan ti tọ́ka sí i pé funfun ni aṣọ àwọn olùsìn Ọbàtálá pẹ̀lú. Òtítọ́ ni, a kò sì rò pé ó yẹ kí a bínú sí i. Ìran àti ìwé Ìfihàn ni àwọn Aládùúrà fi ti ọ̀rọ̀ tiwọn lẹ́yìn. Àmọ́ ojú tí ó ti mọ àlà gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìwà mímọ́ kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó gba sùtánà.

Ibi tí ó kù sí ni pé ipò kò pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà gbà padà wọlé. Àmùrè aláwọ̀ oríṣiríṣi dé, aṣọ èjìká dé, oyè ń gorí oyè, a sì ń fi aṣọ mọ olóyè. Funfun ṣì ni, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ojú ti lè ka ipò ọmọ ìjọ láti ọ̀nà jíjìn. A kò fi èyí bú wọn. Ó kàn fi hàn pé aṣọ fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá, bí a bá sì pa á lẹ́nu mọ́ níbì kan, yóò gba ibòmíràn sọ ọ́.

Láti inú Kérúbù àti Séráfù ni Josiah Akíndáyọ̀mi ti jáde wá dá Rìdíìmù sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta ní ọdún 1952. Sùtánà kò bá a jáde, ṣùgbọ́n òfin aṣọ bá a jáde: obìnrin ní láti bo orí, kò gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò, kò gbọ́dọ̀ lo ohun ọ̀ṣọ́. Deeper Life, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lábẹ́ William Kúmúyì, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ní ọdún 1973, tẹ̀lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ó sì le mọ́ ọn. Ní ọdún 1988, Rìdíìmù bẹ̀rẹ̀ irú ìjọ tuntun kan nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé, níbi tí a kò ti ká ṣòkòtò àti yẹtí lọ́wọ́ kò. Láti ìgbà náà ni Rìdíìmù ti ní ojú méjì: ìjọ àtijọ́ tí ń fi Yorùbá wàásù, àti ìjọ tuntun tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù. Ẹ kíyè sí i pé aṣọ àti èdè jọ yí padà ni.

Ẹsẹ Bíbélì tí gbogbo wọn gùn lé ni Diutarónómì 22:5, tí ó kọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin láti gba aṣọ ara wọn wọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ẹsẹ yìí na ẹni tí ó wọ bùbá rí, bẹ́ẹ̀ takọtabo Yorùbá ni ó ń wọ bùbá. Ohun tí àṣà kọ orúkọ ọkùnrin sí ni a ń bẹ̀rù, kì í ṣe bí a ṣe rán aṣọ náà. Nígbà tí ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun bí obìnrin ní ìgboro, oníwàásù ayé àtijọ́ lè rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ka ẹsẹ yẹn. Lónìí, ní Òṣòdì, níbi tí obìnrin ń wọ ṣòkòtò kí ó lè rọ̀ fún un láti bọ́ sínú ọkọ̀ èrò, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ẹsẹ kan náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí ṣòkòtò túmọ̀ sí lójú obìnrin náà.

Àdúrà lórí aṣọ òkìrìkà

A wá dé ibi tí ọ̀ràn náà ti gbóná jù ní agbègbè wa. Àwọn ìjọ kan ń kọ́ni pé ẹ̀mí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni aṣọ lè bá aṣọ náà rìn. Bóyá ó ti kú. Bóyá àìsàn ni ó pa á. Bóyá ó ti bá òkùnkùn dá májẹ̀mú. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ gbàdúrà lé aṣọ òkìrìkà lórí, tàbí kí a fi òróró yà á sí mímọ́, kí a tó wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ní kí a má rà á rárá.

Ó rọrùn fún ọ̀mọ̀wé láti fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tọ́. Lọ́nà kìíní, kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ro irú èrò yìí. Ní Gánà, orúkọ tí wọ́n ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Akan túmọ̀ sí pé òyìnbó tí ó ni ín ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí àwọn ará Tógò ń pè é ń dún. Lọ́nà kejì, èrò náà bá ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa aṣọ mu. Aṣọ ara ènìyàn ni ọ̀tá ń gé láti fi ṣe é níbi. Aṣọ olóògbé kì í ṣe ohun tí a ń kó síta fún ẹni tí ó bá fẹ́. Àwọn ẹbí ni ó ń pín in, pẹ̀lú ètò. Láàrin wa, ó ṣọ̀wọ́n kí aṣọ dé ara ẹnìkejì láìsí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ láàrin ẹni tí ó fi í sílẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á. Ọjà Aswani já okùn yìí. Aṣọ dé láti ara ẹni tí a kò mọ, láti ìlú tí a kò mọ. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìbéèrè ni: ta ni ó ni aṣọ yìí kí n tó ni ín?

Pásítọ̀ tí ó gbọ́ ìbéèrè náà ṣe ohun tí ó yẹ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ ni a kò fara mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí ti délẹ̀ rí ní Kọ́ríńtì, lórí ẹran tí a ń tà lọ́jà. Àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ kò mọ èyí tí a ti fi rúbọ sí òrìṣà kí ó tó dé orí igbá ẹlẹ́ran. Nínú 1 Kọ́ríńtì 10, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n rà á, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n má béèrè ìtàn rẹ̀, nítorí pé Olúwa ni ó ni ayé àti ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Ó fi ààlà kan sí i: bí ẹlòmíràn bá sọ fún ọ pé ẹran òrìṣà ni, fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí-ọkàn ẹni náà. Kò ní kí wọ́n máa yẹ ẹran wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sì ní kí wọ́n ṣe ètùtù lé e lórí.

Bí a bá gbé òfin yìí wá sí Aswani, ó tú ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Bí a bá kọ̀ ọ́, ẹ wo ẹni tí ẹrù náà yóò gùn lórí. Olówó kò ra òkìrìkà, tàbí bí ó bá rà á, inú ilé ìtajà tí a ti lọ̀ ọ́, tí a sì fi ìkọ́ gbé e rọ̀, ni yóò ti rà á láìmọ̀. Tálákà ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á ní gbangba. Ẹ̀kọ́ tí ó ní ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú aṣọ yìí di owó-orí lórí tálákà nìkan: ó san owó fún ọlọ́jà, ó wá tún san ìbẹ̀rù lé e. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tí ó ra aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní Aswani yóò máa wo ọmọ náà bí ó bá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, yóò sì máa rò pé ọwọ́ òun ni òun fi ra àìsàn. Ó pọn dandan kí ìjọ gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn tún wà nípa òkìrìkà tí a kì í sábà gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ìjọba Nàìjíríà ti fi aṣọ àlòkù sí ara àwọn ọjà tí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Kútọnu, ó sì ń gba ẹnubodè wọlé. Ìjọ tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn aṣọ kan, tí ó ń wá ẹ̀mí tí ó bá a rìn láti òkè òkun, lè kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe kọjá ẹnubodè, àti ohun tí ó ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí ó wà ní òdìkejì títì. Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn tí ó rọrùn, nítorí pé ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń jẹ lórí òkìrìkà, ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì ń bò. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ Kristẹni ni.

Aṣọ ẹgbẹ́ àti ìwé Jákọ́bù

Nínú orí kejì ìwé rẹ̀, Jákọ́bù sọ ti àwọn méjì tí wọ́n wọ ìpàdé: ọ̀kan ní òrùka wúrà àti aṣọ dáradára, èkejì ní aṣọ ẹlẹ́gbin. Ó bá ìjọ wí nítorí pé wọ́n fún ọ̀kan ní ìjókòó rere, wọ́n sì fi èkejì sí ìdí àpótí ìtìsẹ̀. Ó ṣeni ní kàyéfì pé àwọn ìjọ tí ń ka Diutarónómì 22:5 lemọ́lemọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ibi yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ aṣọ bá délẹ̀. Bóyá nítorí pé òfin kìíní ń bá ẹni tí ó wọ aṣọ wí, èkejì sì ń bá àwọn tí ń wò ó wí.

Aṣọ ẹbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní ti ara rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó bí i: ènìyàn bonílára jaṣọ lọ, a sì fi aṣọ kan náà hàn pé a bo ara wa. Inú ìjọ ni ó ti di gbèsè. Nígbà ìkórè, ẹgbẹ́ ìyá ń mú ankara, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń mú tiwọn, àyájọ́ ìjọ sì ní aṣọ tí a tẹ àmì ìjọ tàbí àwòrán olùdásílẹ̀ sí lára. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀ tí wọn ì bá tẹ̀ ẹ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹni tí kò rà á kò ní gbọ́ pé kí ó má wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, nítorí pé a ti fi ìlà iwájú sílẹ̀ fún àwọn tí ó wọ aṣọ náà kí àwòrán lè dára. Ìdí àpótí ìtìsẹ̀ tí Jákọ́bù wí nìyẹn. Ní ọdún kejì, ẹni náà yóò ní òun rìnrìn àjò ní ọjọ́ ìkórè.

Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí a máa tọ́ka sí aṣọ ìyàwó inú Mátíù. Wọ́n gbàgbé àwọn tí ọba inú òwe náà pè sí ibi àsè nígbà tí àwọn àkọ́pè kọ̀: ojú ọ̀nà ni a ti ṣà wọ́n, àti ẹni rere àti ẹni búburú, ní wàrà-wéré. Àwọn tí a ṣà ní oríta lójijì kò ráyè lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Àwọn onímọ̀ Bíbélì kan gbà pé ọba fúnra rẹ̀ ni ó pèsè aṣọ fún wọn. Bí a bá tilẹ̀ fi èyí sílẹ̀, kò sí níbì kankan nínú òwe náà tí a ti ní kí àlejò mú owó aṣọ wá.

Àwọn ìjọ kan ti rí ọ̀nà àbáyọ láìpariwo. Dípò kí wọ́n mú aṣọ, àwọ̀ ni wọ́n ń mú: kí gbogbo obìnrin wọ àwọ̀ ewé, irú èyí tí ó wù kí ó jẹ́. Ẹni tí ó ní léèsì yóò wọ léèsì, ẹni tí ó ní àdìrẹ yóò wọ àdìrẹ. Ìṣọ̀kan wà, a sì rí i lójú, ṣùgbọ́n kò sí àkáǹtì tí a ń sanwó sí. Kò pa ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin léèsì àti owú rẹ́, a kò sì sọ pé ó pa á rẹ́; sùtánà pàápàá kò rí i ṣe. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn. Obìnrin tí kò lè san owó ankara ìjọ lè lọ sí Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú ìkórè, kí ó wá bùbá aláwọ̀ ewé kan nínú òkìtì, pàápàá bí ó bá lè dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá ń dín owó kù kí wọ́n tó di ìdì wọn padà.